Ẹ̀kọ́ Lórí Ìdènà Iná: Nínú Oko, Nínú Ilé Ìpamọ́ Irè àti Nínú Ilé Wa

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin tí ẹ ń ra irè oko, ìgbà tí irè pọ̀ jù lọ nínú ilé ìpamọ́ wa ni ìgbà tí iná ń ṣọṣẹ́ jù lọ. Nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró, tí ọyẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà, láàrin oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta, koríko a gbẹ, ewé a wọ́ sílẹ̀, igi òrùlé pàápàá a gbẹ táútáú. Ní àkókò yìí kan náà ni òwú, ẹ̀pà, kókó àti ẹkùrọ́ wà nínú àpò, tí wọ́n ń dúró de ọkọ̀. Iṣẹ́ tí àgbẹ̀ fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù ṣe lè di eérú láàrin wákàtí kan. Bẹ́ẹ̀ ni owó tí oníṣòwò yá láti fi ra irè náà kì í bá irè jóná. Ẹni tí ó yá a lówó yóò padà wá béèrè rẹ̀.

Àwọn baba wa sọ pé ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ogun iná jẹ́ ogun àwítẹ́lẹ̀, nítorí pé ọdọọdún ni a mọ oṣù tí yóò dé àti ọ̀nà tí yóò gbà wọlé. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a fi ara balẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní ẹsẹẹsẹ. Ẹni tí ó bá lè kàwé, kí ó kà á sí etí àwọn tí kò lè kà á.

OHUN MẸ́TA TÍ INÁ FI Ń JÓ

Iná kì í ṣàdédé jó. Ohun mẹ́ta ni ó gbọ́dọ̀ pàdé kí iná tó lè wà: èkínní ni ohun tí ó lè jó, bí igi, àpò, òwú tàbí epo, èkejì ni ooru, bí ti ìṣáná, ẹ̀ṣẹ́ná tàbí wáyà tí ó gbóná, ẹ̀kẹta ni afẹ́fẹ́ tí a ń mí sínú. Ẹ mọ̀ pé ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ ọ̀kan kúrò nínú ààrò mẹ́ta, ìkòkò yóò dojú dé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni iná rí. Bí a bá mú ọ̀kan nínú ohun mẹ́ta wọ̀nyí kúrò, iná yóò kú.

Gbogbo ọgbọ́n tí a ń dá láti pa iná wà lórí òfin kan yìí. Omi ń gba ooru lọ́wọ́ iná. Iyanrìn, àpò tí a rẹ sínú omi, tàbí ọmọrí ìkòkò ń dí i mọ́ afẹ́fẹ́. Ilẹ̀ tí a ro yí oko ká ń gba ohun tí iná ìbá jẹ kúrò níwájú rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní máa sáré kiri láìmọ ohun tí yóò gbá mú nígbà tí ewu bá dé.

INÁ ÌGBẸ́

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Ghana yẹ kí ó jẹ́ ẹ̀kọ́ fún gbogbo wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní ọdún 1982 sí 1983, ọ̀dá ńlá dá, iná ìgbẹ́ sì jó wọ inú oko kókó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń rò pé iná kì í wọ oko kókó nítorí ìbòòji àti ọ̀rinrin tí ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀dá bá pọ̀, ewé kókó tí ó ti wọ́ sílẹ̀ yóò gbẹ, yóò sì di ẹní tí iná ń rìn lórí rẹ̀ láti ìdí igi kan dé ìdí igi kejì. Oko kókó jóná ní ilẹ̀ Ivory Coast pẹ̀lú ní àkókò kan náà. Ní ọdún 1964 sí 1965, kókó tí Ghana kó ju tọ́ọ̀nù 550,000 lọ. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1983 sí 1984, ohun tí wọ́n rí kó jẹ́ nǹkan bí tọ́ọ̀nù 159,000. Kì í ṣe iná nìkan ni ó fa ìdínkù yìí, nítorí iye owó tí wọ́n ń san fún àgbẹ̀ kéré, igi sì ti gbó. Ṣùgbọ́n iná ni ó gba èyí tí ó kù lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àgbẹ̀. Ìjọba Ghana ṣe òfin lórí iná ìgbẹ́ ní ọdún 1983, wọ́n sì tún un ṣe ní ọdún 1990.

Ẹ ro ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹnì kan ṣoṣo. Bí àgbàdo bá jóná, a lè tún un gbìn ní ọdún tí ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bí igi kókó bá jóná, ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ni yóò kọjá kí èyí tí a gbìn rọ́pò rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí so. Ta ni yóò san owó ilé ìwé àwọn ọmọ ní gbogbo ọdún wọ̀nyí?

Nítorí náà, ẹ ṣe báyìí:

1. Kí oṣù Kọkànlá tó parí, ẹ ro ilẹ̀ yí oko yín ká, kí ìbú rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 20. Ẹ gbá ewé àti koríko ibẹ̀ kúrò títí erùpẹ̀ yóò fi hàn. Ẹ máa tún un gbá ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, nítorí ewé kò yé já bọ́.

2. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ má ṣe sun ìgbẹ́ rárá. Koríko àti ewé tí a gé tí a sì tẹ́ sí ìdí ohun ọ̀gbìn ń pa ọ̀rinrin mọ́ fún ilẹ̀, ó sì ń di ilẹ̀dú.

3. Bí ẹ kò bá lè ṣe kí ẹ má sun ún, ẹ kọ́kọ́ sọ fún àwọn tí oko wọn bá tiyín pààlà àti fún baálẹ̀. Ẹ má sun ún ní ọ̀sán gangan, ẹ má sì sun ún ní ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Òwúrọ̀ kùtùkùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ni ó dára. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti apá ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ, kí iná lè máa jó lọ́ra lòdì sí afẹ́fẹ́.

4. Ẹ má dá nìkan sun ìgbẹ́. Kí ènìyàn púpọ̀ dúró yí i ká pẹ̀lú omi àti ẹ̀ka igi tútù tí a fi ń lu iná pa.

5. Ẹ má kúrò níbẹ̀ títí eérú yóò fi tutù. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ yín sún mọ́ ọn. Bí ooru bá ṣì ń jáde, iná kò tíì kú. Ìtì igi lè máa jó lábẹ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta.

Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọdẹ, àwọn adẹ́mu àti àwọn tí ń fi iná lé oyin pẹ̀lú, nítorí ẹ̀ṣẹ́ná wọn ni ó ń di iná oko olóko. Ẹni tí ó bá sì ti ṣèèṣì jẹ́ kí iná bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́, kí ó má sá pamọ́. Kí ó ké sí ará. Bí iná bá jó oko, màjàlà ni yóò ṣòfófó.

IBI TÍ A TI Ń FI IGI DÁNÁ GBẸ KÓKÓ

Ní apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Kamẹrúùnù, òjò máa ń pọ̀ ní ìgbà ìkórè, nítorí náà àwọn àgbẹ̀ ń fi iná igi gbẹ kókó nínú ilé ìgbẹkókó. Nínú ọ̀pọ̀ ilé bẹ́ẹ̀, àgbá irin tí a so pọ̀ ni èéfín àti ooru ń gbà kọjá lábẹ́ pẹpẹ tí a tẹ́ kókó sí. Bí àgbá náà bá ti dípẹtà tí ó sì lu, ẹ̀ṣẹ́ná yóò fò jáde. Bí hóró kókó àti èèpo rẹ̀ bá ń jábọ́ sí orí àgbá gbígbóná, wọn yóò gbiná, iná yóò sì gun òkè.

Ẹ yẹ àgbá wò kí ìkórè tó bẹ̀rẹ̀, ẹ pààrọ̀ èyí tí ó bá lu. Ẹ gbá abẹ́ pẹpẹ lójoojúmọ́ kí ẹ tó dáná. Ẹ má to igi ìdáná sí ẹnu ààrò. Ẹ má jẹ́ kí ooru tí ó kan kókó ju 60 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, nítorí iná àjókánjú ni ó ń ba kókó jẹ́ tí ó sì ń jó ilé. Kókó tí èéfín bá wọ̀ kò níye lórí mọ́, òórùn rẹ̀ kì í sì í kúrò. Bí a bá ń gbẹ kókó ní òru, kí ẹnì kan má sùn.

ILÉ ÌPAMỌ́ IRÈ

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra irè, ẹ̀yin ni apá yìí kàn jù lọ. Ẹni tí ó bá mọ ìlú Kano ní àwọn ọdún 1950 sí 1970 yóò rántí òkìtì ẹ̀pà tí a kọ́ bí òkè, tí òkìtì kan lè gba àpò 15,000. Òkìtì wọ̀nyẹn ti di ìtàn nísinsìnyí, ṣùgbọ́n àṣà kíkó irè púpọ̀ jọ sí ojú kan kò tíì tán. Bí gbogbo ohun ìní ẹni bá wà lábẹ́ òrùlé kan, nínú òkìtì kan, ìṣáná kan péré tó láti sọ olówó di òtòṣì.

Iná méjì ni ó ń wu ilé ìpamọ́ léwu: èyí tí ó ń ti òde wọlé, àti èyí tí ó ń ti inú irè fúnra rẹ̀ jáde.

Èyí tí ó ń ti òde wọlé ni a mọ̀ dáadáa: sìgá, ààrò obìnrin tí ń se oúnjẹ fún àwọn alágbàṣe, àtùpà, wáyà iná mànàmáná tí ó bó, èéfín ọkọ̀ tí ó ń tu ẹ̀ṣẹ́ná. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ń ti inú irè jáde ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀, tí wọ́n sì máa ń sọ pé ọ̀tá ni ó sọ iná sí wọn nílé. Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé rẹ̀. Irè tí kò gbẹ tó ń bú, kòkòrò sì ń jẹ ẹ́; bíbú àti kòkòrò wọ̀nyí ń mú ooru wá. Epo tí ó wà nínú hóró òwú, nínú àgbọn gbígbẹ, àti nínú ohun tí ó kù nígbà tí a bá ti fún òróró ẹ̀pà tàbí àdín ẹkùrọ́ tán, ń bá afẹ́fẹ́ jà díẹ̀díẹ̀, ìyẹn náà sì ń mú ooru wá. Bí òkìtì bá kéré, ooru yóò jáde lọ. Bí òkìtì bá ga tí ó sì fún pọ̀, ooru kò ní rí ọ̀nà, yóò máa pọ̀ sí i ní àárín gbùngbùn títí èéfín yóò fi yọ. Àkísà tí a fi nu òróró, tí a sì ká jọ sí kọ̀rọ̀, lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

Òwú tún ní ìwà tirẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ná tí ó bá wọ inú ẹrù òwú tí a ti dì pinpin lè máa jó lábẹ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ láìsí èéfín lóde. Nítorí náà, ẹrù òwú tí iná bá ti kàn, bí a tilẹ̀ ti pa iná náà, ẹ má ṣe dá a padà sí àárín àwọn yòókù. Ẹ gbé e sí ìta gbangba, kí a sì máa ṣọ́ ọ.

Àwọn òfin ilé ìpamọ́ nìyí:

1. Ẹ má ra irè tútù kó wọlé. Kókó tí ó gbẹ dáadáa kò gbọ́dọ̀ ní omi ju ìdá 7.5 nínú 100 lọ. Irè gbígbẹ ni ó ń bọ́ lọ́wọ́ èébú, òun náà ni ó sì ń bọ́ lọ́wọ́ ooru.

2. Ẹ to àpò sí orí pákó, kì í ṣe sí orí ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àyè ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta wà láàrin àpò àti ògiri, àti láàrin òkìtì kan sí èkejì. Ẹ má to àpò kan òrùlé tàbí gílóòbù.

3. Ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ ti ọ̀pá irin gígùn bọ àárín òkìtì, kí ẹ fi í síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ẹ sì fa á yọ. Bí ó bá gbóná, ẹ tú òkìtì náà ká. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbé omi sí ìtòsí, nítorí afẹ́fẹ́ tí ó bá wọlé lójijì lè sọ ooru náà di ọwọ́ iná.

4. Kò sí sìgá, kò sí ìṣáná, kò sí àtùpà oníná nínú ilé ìpamọ́. Ẹ lo tọ́ọ̀ṣì. Òfin yìí kan ọ̀gá gẹ́gẹ́ bí ó ti kan alágbàrù.

5. Ẹ má tọ́jú epo bẹntiróòlù, ẹ̀rọ amúnáwá tàbí alùpùpù sínú ilé tí irè wà.

6. Hóró oògùn kòkòrò tí a ń pè ní aluminium phosphide ń tú afẹ́fẹ́ olóró jáde nígbà tí ọ̀rinrin bá kàn án. Afẹ́fẹ́ yìí ń pa ènìyàn, bí ó bá sì pọ̀ jù lójú kan, ó lè gbiná fúnra rẹ̀. Ẹ má kó hóró púpọ̀ jọ sójú kan, ẹ má jẹ́ kí omi kàn án, kí ẹni tí a kò kọ́ ní iṣẹ́ náà má sì fi ọwọ́ kàn án.

7. Ẹ pa iná mànàmáná láti orísun rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá parí, kí ẹnì kan sì yí ilé ìpamọ́ ká kí a tó ti ilẹ̀kùn.

INÁ INÚ ILÉ

Epo bẹntiróòlù àti epo òyìnbó kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Bẹntiróòlù ń tú oru tí ó lè gbiná jáde ní gbogbo ìgbà, yálà ilẹ̀ tutù tàbí ó gbóná. Oru náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ó ń rìn nílẹ̀ títí yóò fi kan iná tí ó wà ní yàrá kejì. Nítorí náà ni epo òyìnbó tí a ti lú mọ́ bẹntiróòlù fi ń bú gbàmù nínú àtùpà tàbí sítóòfù. Ẹ ra epo yín lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ̀. Ẹ má bu epo sí àtùpà tàbí ẹ̀rọ amúnáwá tí ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ pa á, kí ẹ jẹ́ kí ó tutù ná. Gáàsì ìdáná náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ: bí ẹ bá gbóòórùn rẹ̀, ẹ má tan iná, ẹ má sì pa iná, ẹ ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, kí gbogbo yín jáde.

Ẹ gbé ìṣáná sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó. Ẹ má tan àbẹ́là tàbí oògùn ẹ̀fọn sí ẹ̀bá àpò ẹ̀fọn, kí ẹ sì sùn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò gbọdọ̀ dákẹ́ lé lórí. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹwàá ọdún 1998, ní Jesse ní Ìpínlẹ̀ Delta, ó ju 1,000 ènìyàn lọ tí ó kú nígbà tí epo tí ń tú jáde láti inú ọ̀pá gbiná. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ọkọ̀ agbépo dojú dé ní Majia ní Ìpínlẹ̀ Jigawa. Àwọn ará ìlú ń bu epo, iná sọ, ó sì ju 140 ènìyàn lọ tí ó kú. Àwọn tí ó kú kì í ṣe olè. Tálákà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n iná kì í bi wá léèrè ìdí tí a fi wà níbẹ̀. Bí ọkọ̀ agbépo bá ṣubú, ẹ sá jìnnà, ẹ kó àwọn ọmọ yín sá. Kò sí kẹ́ẹ̀gì epo kan tí ó tó ẹ̀mí ènìyàn.

ÌPALẸ̀MỌ́

Ẹ gbé àgbá omi kan, garawa iyanrìn mẹ́rin àti ṣọ́bìrì sí ẹnu ọ̀nà ilé ìpamọ́ yín. Ẹ má fi garawa wọ̀nyí ṣe iṣẹ́ mìíràn. Bí agbára bá ká a, ẹ ra ẹ̀rọ ìpaná, kí ẹ sì kọ́ bí a ti ń lò ó. Kí ilẹ̀kùn méjì wà, kí àpò má sì dí ọ̀kankan. Ẹ yan ẹni tí yóò pe panápaná, ẹni tí yóò pa iná mànàmáná, àti ibi tí gbogbo yín yóò péjọ sí kí a lè ka orí yín. Ní Nàìjíríà àti ní Ghana, nọ́ńbà 112 ni ẹ lè pè. Ẹ fi gbogbo rẹ̀ dánra wò ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún.

Ẹ má tọ́jú ìwé ìṣírò àti ìwé gbèsè sí inú ilé kan náà pẹ̀lú irè. Ẹ wádìí nípa adójútòfò pẹ̀lú. Láti ọdún 1987 ni ètò adójútòfò fún iṣẹ́ àgbẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà.

BÍ INÁ BÁ SỌ

Ẹ kọ́kọ́ ké sí gbogbo ènìyàn, kí ẹ tó ronú nípa irè. Bí iná bá ṣì kéré, ẹ pa á. Bí ó bá ti ga tó ènìyàn, ẹ jáde. Ẹ má da omi sí iná epo, nítorí yóò fọ́n ọn ká. Iyanrìn ni kí ẹ dà á. Ẹ má da omi sí iná mànàmáná tí a kò tíì pa. Bí èéfín bá kún ilé, ẹ fà nílẹ̀, nítorí ìsàlẹ̀ ni afẹ́fẹ́ rere wà. Bí aṣọ ẹnì kan bá gbiná, kí ó má sáré. Kí ó dùbúlẹ̀, kí ó sì máa yí. Ojú ibi tí iná bá jó, ẹ da omi tútù mímọ́ sí i fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má fi epo pupa, ẹyin tàbí ọṣẹ ìfọyín pa á. Ẹni tí ó bá ti jáde, kí ó má padà wọlé nítorí owó tàbí irè.

ÀWỌN ÌBÉÈRÈ FÚN ÀGBÉYẸ̀WÒ

1. Kí ni ohun mẹ́ta tí iná fi ń jó, èwo nínú wọn sì ni omi ń mú kúrò?
2. Kí ni ó fà á tí òkìtì hóró òwú tí kò gbẹ fi lè gbóná fúnra rẹ̀?
3. Apá wo ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ sí sun ìgbẹ́, kí sì ni ìdí rẹ̀?
4. Èwo nínú àwọn òfin ilé ìpamọ́ méje ni ẹ kò tíì pa mọ́ ní ilé ìpamọ́ tiyín?

Ìbéèrè kẹrin yìí ni ó ṣe pàtàkì jù lọ. Ẹ má dáhùn rẹ̀ lórí ìjókòó. Ẹ dìde, ẹ lọ wò ó lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú. A kì í fi iná sí orí òrùlé sùn.